Dídà, Gbígbẹ́ àti Mímọ: Ìtàn Eyín Àtọwọ́dá láti Ẹ̀yìn Ìga Ìdúngànrán

Mẹ́ta ni àwa tí a kọ àròkọ yìí. Méjì nínú wa ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn eyín, ẹnì kẹta ń ka ìtàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdílé ọ̀kan nínú wa, ní agboolé kan lẹ́yìn Ìga Ìdúngànrán ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ló kó wa jókòó pọ̀.

Ìyá àgbà ló ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá àgbà kò ní eyín kankan mọ́ lẹ́nu, odindi eyín àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò, tòkè tìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ òde kan, ẹran há sí abẹ́ eyín náà, ó ń dùn wọ́n. Wọ́n rọra yọ ọ́, wọ́n fi tíṣù wé e, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ. Ọmọ tó ń palẹ̀ mọ́ kó tíṣù pọ̀ mọ́ egungun ẹja. Kí ìyá tó rántí, wọ́n ti kó ìdọ̀tí lọ.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí òmíràn tó dé. Ibi tí wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́ kò tọ́jú àwòṣe ẹnu wọn kankan, nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ni ìgbéyàwó àkọ́bí ọmọ ọmọ wọn bọ́ sí. Ìyá àgbà nìkan ló mọ oríkì ilé náà délẹ̀. Wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn, wọ́n fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Alága ìdúró ló ki ìyàwó, oríkì tí kì í ṣe ti ilé wọn ló sì fi kì í.

Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó ń ka ìtàn ti ń da àwa méjì yòókù láàmú: ṣé kò sí ọ̀nà tí a fi lè ṣe eyín tí kò ní sọnù pátápátá bí ó tilẹ̀ sọnù? Ó wà. Kọ̀ǹpútà ti wọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé ti kọ̀ǹpútà dára ju ti àtijọ́ lọ, tàbí pé kò dára tó o, ó yẹ kí a mọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró ní Ẹnu Ọ̀wá ná

Kí a tó wọ inú ẹnu, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Ẹnu Ọ̀wá, níwájú ààfin, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò ìwúyè fún ọba Èkó. Orí ilẹ̀ oko ata Arómirẹ́ ni Ìga wà, ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ìtàn sọ pé nǹkan bí ọdún 1670 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Nígbà Ọba Akinsẹ̀mọ́yìn, àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú mú táìlì òrùlé wá láti òkè òkun. Ní 1960, ọdún òmìnira, wọ́n ṣí apá tuntun tí wọ́n fi kọnkéré kọ́. Ti àtijọ́ kò sì torí èyí pa rẹ́. Títí di òní, ẹni tó bá dé ibẹ̀ á rí i pé ìgbà mẹ́ta ló dúró ti ara wọn nínú ọgbà kan.

Ìdí tí a fi mẹ́nu ba èyí ni pé bí eyín àtọwọ́dá náà ṣe rí nìyẹn. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọwọ́ fi ń sọ nǹkan di nǹkan. A máa ń gbẹ́ igi: a ó mú odindi, a ó máa yọ kúrò lára rẹ̀ títí ohun tí a ń fẹ́ á fi kù. A máa ń da idẹ: a ó ṣe ilé fún un, a ó dà á sínú rẹ̀, á gba ìrísí ilé náà. A máa ń mọ ìkòkò àti ògiri: a ó máa fi díẹ̀ lé díẹ̀ títí á fi ga. Nínú gbogbo ìtàn eyín àtọwọ́dá, a kò rí ọ̀nà kẹrin. Kọ̀ǹpútà pàápàá kò mú ọ̀nà kẹrin wá.

Gbígbẹ́ ló ṣáájú

Ọ̀kan nínú odindi eyín àtọwọ́dá tó pẹ́ jù lọ tí a ṣì ní ni ti obìnrin ẹlẹ́sìn Búdà kan ní Wakayama, ní ilẹ̀ Jàpáànù, tó kú ní 1538. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ohun tó yani lẹ́nu nípa iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Jàpáànù ni pé wọ́n mọ ohun tí àwọn ará Yúróòpù kò tíì mọ̀ nígbà náà: bí igi náà bá bá àjà ẹnu àti èrìgì mu délẹ̀délẹ̀, itọ́ nìkan tó láti dì í mú. Ẹ mú gíláàsì pẹlẹbẹ méjì, ẹ ta omi díẹ̀ sáàárín wọn, ẹ gbìyànjú láti fà wọ́n ya. Agbára tó di gíláàsì méjèèjì yẹn mú náà ló ń di eyín òkè mú. Bí àlàfo kékeré bá wà tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, agbára náà tán nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, orí rẹ̀ ni gbogbo ìjà àtijọ́ àti tuntun dá lé.

Ní Yúróòpù, eyín erin àti eyín erinmi ni wọ́n ń gbẹ́. Nítorí pé kò bá ẹnu mu dáadáa, wáyà onísípíríǹgì ni wọ́n fi ń ti tòkè mọ́ òkè. Ẹni tó bá ya ẹnu jù, eyín rẹ̀ lè fò jáde. George Washington, nígbà tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1789, ẹyọ eyín kan péré ló kù fún un. Nínú àwọn eyín àtọwọ́dá tó lò, a rí eyín erinmi, eyín ènìyàn, àti oríṣiríṣi irin. Ìwé owó rẹ̀ ti 1784 sì fi hàn pé ó san owó eyín mẹ́sàn-án fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lóko ẹrú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Waterloo ní 1815, àwọn kan lọ yọ eyín lẹ́nu àwọn ọmọ ogun tó kú, wọ́n tà á, wọ́n tò ó sí eyín àtọwọ́dá àwọn olówó.

Ìgbà kan náà nìyẹn pẹ̀lú ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ènìyàn àti eyín erin kúrò ní etí òkun wa, tí táìlì àwọn oníṣòwò yẹn sì wà lórí òrùlé Ìga. Ẹni tó lówó ló ní eyín. Ẹni tí kò ní, eyín tirẹ̀ ni wọ́n ń rà.

Dídà dé, rọ́bà dé

Ohun tó sọ odindi eyín di ohun tí tálákà lè rà ni rọ́bà. Ní 1844, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé-àṣẹ lórí bí a ṣe ń se rọ́bà pọ̀ mọ́ súfúrù kó má baà máa yọ́. Ní 1851, àbúrò rẹ̀ Nelson gba ti rọ́bà líle, tí wọ́n ń pè ní vulcanite. Àwọn oníṣègùn eyín rí i pé a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ilé tí a fi ẹnu aláìsàn gan-an ṣe àwòṣe rẹ̀, kí a sì se é kó le. Ìsàlẹ̀ eyín bá èrìgì mu, owó rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Ilé-iṣẹ́ Goodyear Dental Vulcanite gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1864, wọ́n sì ní kí oníṣègùn eyín kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà máa san owó ọdọọdún, kó tún san òmíràn lórí eyín kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe. Josiah Bacon, ẹni tó ń bójú tó owó ilé-iṣẹ́ náà, ń gbé àwọn tí kò san lọ sí kóòtù láti ìlú dé ìlú. Ní 1879, ní San Francisco, oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ Samuel Chalfant yìnbọn pa á. Ní 1881 ni ìwé-àṣẹ náà parí, tí ilé-iṣẹ́ náà kò sì gba owó náà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní àwọn ọdún 1890, wọ́n rí i pé igi ìrẹ́ tó kún inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ní rọ́bà nínú. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó jáde láti èbúté Èkó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Àwọn tó ń kọ igi náà kò jẹ́ kó sinmi, ọ̀pọ̀ igi kú, òwò náà sì já wálẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí. A kò sọ pé rọ́bà ìrẹ́ ló di eyín ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ìgbà tí ayé ń fi rọ́bà ṣe eyín, Èkó ní rọ́bà, ṣùgbọ́n tútù ni a ń kó o lọ. Èkó ló ní igi, ibòmíràn ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé-àṣẹ wà.

Ní àwọn ọdún 1930 ni àkírílíìkì gba ipò rọ́bà, ní pàtàkì láti 1937. Ó fúyẹ́, a lè pa á láró kó pupa rẹ́súrẹ́sú bí èrìgì, títún un ṣe kò sì le. Òun náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eyín Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà láti àwọn ọdún 1960. Òun ni wọ́n fi ṣe ti ìyá àgbà. A kọ́ ọ títí ọwọ́ wa fi bó.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Lọ́jọ́ kìíní, a ó fi tíréè tó ní àpòpọ̀ rírọ̀ tẹ èrìgì aláìsàn, a ó da POP sínú àmì náà, irú POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kúnná ju ìyẹn lọ. Èyí ni àwòṣe. Orí rẹ̀ ni a ó ti ṣe tíréè tó jẹ́ ti ẹni náà nìkan. Lọ́jọ́ kejì, a ó fi tíréè yìí tẹ ẹnu náà lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó ní kí ìyá fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n gbé ahọ́n sókè, kí wọ́n su ẹnu bí ẹni fẹ́ súfèé, kí ibi tí ẹran ẹnu ń dé lè hàn ní etí àmì náà. Lọ́jọ́ kẹta, a ó fi ìda ṣe ògiri sórí àwòṣe, a ó fi wọn bí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe jìnnà síra tó àti bí wọ́n ṣe ń pàdé. Lọ́jọ́ kẹrin, a ó ti to eyín sínú ìda, ìyá á gbé e sẹ́nu, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sọ̀rọ̀, ọmọ wọn á wò ó. Lẹ́yìn èyí ni ó máa lọ sí láàbù. Wọ́n á sin ín sínú POP nínú àpótí irin, wọ́n á fi omi gbígbóná yọ ìda náà dànù, wọ́n á ki àkírílíìkì sí àyè ìda, wọ́n á sì se é. Ọ̀nà kan ni kí omi wà ní 74°C fún wákàtí 8. Lọ́jọ́ karùn-ún ni ìyá á gbé eyín lọ sílé. Wọ́n sì tún lè padà wá lẹ́ẹ̀mejì bí ibì kan bá ń ta wọ́n.

Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ Ifẹ̀ nìyí? Bí wọ́n ṣe da àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 náà nìyẹn: fi ìda ṣe é, fi amọ̀ bò ó, yọ́ ìda kúrò, da idẹ sí àyè rẹ̀.

Àléébù ńlá kan wà nínú dídà yìí. Bí àkírílíìkì bá ń le, ó ń sún kì. Àpòpọ̀ tí à ń lò máa ń dín ní nǹkan bí ìdá 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tó ti ń hàn jù ni ẹ̀yìn àjà ẹnu, níbi tí eyín òkè ti máa ń gbéra díẹ̀ kúrò lórí ẹran. Ẹ rántí gíláàsì méjì àti omi. Afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́.

Kọ̀ǹpútà padà sí gbígbẹ́

Ní àwọn ọdún 1970, François Duret, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí ronú bí a ṣe lè fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán eyín dípò kí a tẹ̀ ẹ́. Orí ẹyọ eyín kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Odindi eyín pẹ́ kí ó tó kàn án. Ní 1994, Maeda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù kọ̀wé nípa odindi eyín tí kọ̀ǹpútà bá wọn ṣe. Láti nǹkan bí 2012 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti ń lò ó fún aláìsàn bí iṣẹ́ òòjọ́.

Síkánà á ya àwòrán ẹnu, tàbí kó ya àwòrán àmì ẹnu tí a ti tẹ̀. Àwòrán náà á wọ inú kọ̀ǹpútà, ẹni tó mọ iṣẹ́ á to eyín sí i lójú kọ̀ǹpútà. Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà kìíní ni gbígbẹ́: ẹ̀rọ á mú àkírílíìkì róbótó kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílímítà 98, á sì gbẹ́ eyín jáde lára rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni mímọ, èyí tí à ń pè ní 3D: ẹ̀rọ á fi ìmọ́lẹ̀ sọ oje olómi di líle ní ìpele tín-ín-rín lórí ìpele, bí amọ̀kòkò ṣe ń fi amọ̀ lé amọ̀.

Àǹfààní gbígbẹ́ hàn kedere. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe àkírílíìkì náà ti fi ooru àti agbára tẹ̀ ẹ́ kó tó dé láàbù. Sísúnkì rẹ̀ ti parí níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rọ gbẹ́ máa ń bá ẹnu mu dáadáa, eyín òkè á sì lẹ̀ mọ́ àjà. Ihò kéékèèké inú rẹ̀ kò pọ̀, oògùn tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tó lè máa ta ẹnu náà kéré. Mímọ ní tirẹ̀ kò ná owó tó gbígbẹ́, kì í sì í fi ohun èlò ṣòfò, ṣùgbọ́n lápapọ̀ kò lágbára tó èyí tí a gbẹ́.

Àǹfààní kejì ni ti àkókò. Ìrìnàjò márùn-ún lè di méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá ti sin ìyá arúgbó láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí ilé ìwòsàn rí, tó ti wá ọkọ̀ ní Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án gangan, tó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Àǹfààní kẹta ló kan ìyá àgbà tààrà. Àwòrán náà kì í sọnù. Àwòṣe POP ń gba àyè, ó ń fọ́, wọ́n sì máa ń dà á nù. Fáìlì kì í gba àyè. Ká ní fáìlì ẹnu ìyá àgbà wà níbì kan ni, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni òmíràn ì bá fi dé. Wọn ì bá jókòó síwájú níbi ìgbéyàwó náà.

Ibi tí ti àtijọ́ kò tíì ṣeé fi sílẹ̀

Bí a bá dúró síbẹ̀, irọ́ la pa. Ó ní ohun mẹ́ta tí ìṣẹ́ àtijọ́ mọ̀ tí ẹ̀rọ kò tíì mọ̀ délẹ̀.

Èkíní ni etí eyín. Síkánà máa ń wá àmì láti fi so àwòrán kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ẹnu tí kò ní eyín ń dán, ó tutù, ó sì ń mì. Pàápàá jù lọ, síkánà ń wo ẹran ẹnu bó ṣe wà ní ìdákẹ́jẹ́ ni. Kò lè mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dé nígbà tí ìyá bá ń rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ṣì fi ń fi ọwọ́ tẹ àmì ẹnu, kí wọ́n tó wá ya àwòrán àmì náà. Ọjọ́ kejì tí a ṣàlàyé lókè kò tíì kúrò.

Èkejì ni ohùn. Létí ètè ìsàlẹ̀ ni eyín òkè ti ń ṣe ‘f’. Bí eyín bá gùn jù tàbí kúrú jù, ‘f’ á bàjẹ́. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá súnmọ́ra jù, ‘s’ á máa súfèé. Àwọn ìwé wa ní kí a ní kí aláìsàn ka òǹkà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti dán an wò. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a kò nílò Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kí ìyá kà á ní Yorùbá láti ení dé ẹ̀wá: ‘f’ wà nínú ẹ̀fà, ‘s’ wà nínú ẹ̀sán. Kí wọ́n sì ki ọmọ wọn kan lójú yín. Eyín tí kò lè ki oríkì kò tíì parí. Sọ́fútíwíà lè to eyín sí ibi tó yẹ lójú, etí ènìyàn ló máa sọ bóyá ó yẹ lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà dín ìrìnàjò kù, kó má ṣe yọ ọjọ́ ìdánwò yìí kúrò.

Ẹ̀kẹta ni ojú ènìyàn. Eyín inú sọ́fútíwíà dọ́gba, kò ní àlàfo. Lọ́dọ̀ wa, èjí jẹ́ ẹwà. Ìyá tó ní èjí láti kékeré, tí gbogbo agboolé fi mọ̀ ọ́n, bí a bá to eyín tó dí fún un, ẹlòmíràn la gbé sílé wọn. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà kò lè ṣe èjí o, ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì í gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè, kó sì ní kí wọ́n mú fọ́tò àtijọ́ wá.

Ó tún ku owó àti iná. Láàbù àtijọ́ lè fi gáàsì, ìkòkò omi àti ọwọ́ tó mọṣẹ́ ṣe odindi eyín. Bó bá sán, wọ́n á bá ọ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀rọ agbẹ́yín ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú, bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ tí kò sì sí ínfátà, ó ṣeé ṣe kí àkírílíìkì yẹn ṣòfò. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra ẹ̀rọ náà, àkírílíìkì rẹ̀, àti àṣẹ sọ́fútíwíà rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú?

Ibi yìí ni ẹni tó ń ka ìtàn ti dá àwa méjì dúró. Ó ní àwa ń jiyàn lórí èyí tó bá ẹnu mu jù, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìtàn ń bi wá yàtọ̀. Nígbà eyín erinmi, olówó ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Nígbà vulcanite, ilé-iṣẹ́ kan ló dì í mú, títí ìjà fi di ìbọn. Nígbà rọ́bà ìrẹ́, Èkó kó ohun èlò lọ, kò kó ìmọ̀ bọ̀. Àkírílíìkì nìkan ló bọ́ sọ́wọ́ wa ní tòótọ́, nítorí pé a kọ́ ọ. Wọ́n kọ́ àwọn dókítà ní Ìdí-Àràbà, ní Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn tó ń ṣe eyín ní láàbù ní Enugu. Nígbà tó yá, ẹni tó bá lọ sí láàbù kékeré ní Èkó á bá ọ̀gá tó ń fi ọ̀bẹ ìda ṣe ohun tí ìwé kò lè ṣàlàyé.

Bí kọ̀ǹpútà bá wá dé báyìí, tó jẹ́ pé àwòrán ẹnu ìyá àgbà ni a ó máa fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, tí eyín á sì máa ti ibẹ̀ bọ̀, rọ́bà tútù la tún ń kó lọ. Bí fáìlì náà bá wà nínú sọ́fútíwíà tí a kò lè ṣí mọ́ lọ́jọ́ tí owó ọdún bá tán, a kò sàn ju ẹni tó da àwòṣe POP nù. Àǹfààní ńlá tí a sọ lókè, pé fáìlì kì í sọnù, dúró lórí ẹni tí fáìlì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, èrò tiwa nìyí, ẹ sì lè bá wa jiyàn. Kí ilé-ẹ̀kọ́ wa má ṣe yọ ìda àti POP kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wa, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí etí eyín ṣe yẹ kó rí kò lè mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì í. Kí wọ́n sì má ṣe fi kọ̀ǹpútà falẹ̀, nítorí kò yẹ kí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tún máa rin ìrìnàjò márùn-ún bí méjì tàbí mẹ́ta bá lè tó. Ohun tó sì ṣeé ṣe lónìí láìra ẹ̀rọ ńlá kankan wà: kí a ya àwòrán àmì ẹnu tàbí àwòṣe gbogbo aláìsàn kí a tó da POP nù, kí a fi fáìlì rẹ̀ pamọ́ ní irú tí sọ́fútíwíà yòówù lè ṣí, kí a sì fún aláìsàn náà ní tirẹ̀ mú lọ sílé. Síkánà kan péré ní ilé ìwòsàn kan lè ṣe é. Èyí tó bá wá kù, ì báà jẹ́ dídà, gbígbẹ́ tàbí mímọ, láàbù tó bá wà nítòsí lè ṣe é.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọdé bá sì láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìyá àgbà ti gba eyín wọn báyìí o. Dídà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì bá wọn lẹ́nu mu. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé, wọ́n pe ọmọ ọmọ wọn tó ṣègbéyàwó sórí fóònù, wọ́n sì kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ náà sunkún lórí fóònù. A gba ohùn wọn sílẹ̀, a sì ya fọ́tò èrín wọn. Ẹnì kan nínú wa ti ń bẹ ọ̀rẹ́ tó ní síkánà láti bá wa ya àwòrán eyín náà kí òde mìíràn tó dé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù tàbí ní ilé ìwòsàn, báwo ni ẹ ṣe ń tọ́jú àwòṣe àwọn aláìsàn yín? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ire o.